Ihò Kékeré Orí Ìdérí Táǹkì

Katakata àtijọ́ náà gbọ̀n jìgìjìgì, ó húkọ́, ó dákẹ́ láàárín oko.

"Ó tún ti kú," ni ẹ̀gbọ́n wí látorí àga awakọ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọbìnrin kan, dúró nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Ṣé mo fọ́jú ni?" Bàbá wọn gbójú sókè. Òjò ti ṣú. Onílẹ̀ sì ti sọ ọ́: bí wọn kò bá túlẹ̀ oko náà tán kí òjò tó dé, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Ìdajì péré ni wọ́n tíì tú. "Epo tí o rà yẹn ni. Omi ló wà nínú rẹ̀."

"Bàbá, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ."

"Aṣọ tó ya ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà ń ronú. Bí katakata bá sinmi, á jí, á rìn díẹ̀, á tún kú. Kí ló dé? Ó rántí agolo mílíìkì: bí èèyàn ò bá lu ihò kejì tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé, mílíìkì kì í dà dáadáa. Ihò kékeré kan wà lórí ìdérí táǹkì epo. Nígbà tí Bàbá kìlọ̀ pé omi òjò ò gbọdọ̀ kan epo, òun ló fi ṣíńgọ́ọ̀mù dí i.

Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Bàbá kì í fẹnu nìkan bá ọmọ wí. Bóyá Bàbá á rí i fúnra rẹ̀.

Bàbá ò rí i. Sípánà ló mú, ó ń tú pọ́ọ̀ǹpù epo.

"Ẹ jẹ́ ká pe mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Kó tó dé, òjò á ti dé."

Táá! Sípíríǹgì fò jáde nínú pọ́ọ̀ǹpù, ó wọnú ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

"Èmi ni," ni ọmọbìnrin náà wí. "Èmi ni mo dí ihò ìdérí. Epo yẹn dára."

Bàbá ṣí ìdérí. Táǹkì mí fùù, bí ẹni tí wọ́n tú lọ́rùn. Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀ǹpù tí yóò gbé epo kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí sípíríǹgì yẹn.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ kí n tó mú sípánà?"

Bàbá ò nà án. Ó kúnlẹ̀, àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n ń fi ìka wá sípíríǹgì nínú erùpẹ̀.

"Máa wá a," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ẹkún ò lè fa irin jáde nínú ilẹ̀."

Òjò kán sí ọmọbìnrin náà lẹ́yìn ọrùn. Ó wá yé e pé àṣìṣe òun kéré, ìka kan ì bá tún un ṣe. Dídákẹ́ ló sọ ọ́ di àdánù gbogbo ilé. Ó ń tú erùpẹ̀. Erùpẹ̀ ti ń di ẹrẹ̀.