Omi Eérú Ìyá Àgbà

"Fẹ́yìsayọ̀, o ò tíì fomi sídìí ẹ̀fọ́ o," ni Ìyá Àgbà wí láti inú ilé.

"Mo ti ń lọ, mà," ni Fẹ́yìsayọ̀ dáhùn, àmọ́ ojú ọ̀nà ló ń wò. Inúmidùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti dúró dè é, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Bàbá Inúmidùn ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Orè lọ sí Èkó, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n wá sílé wọn ní Òdìgbó. Eré tí gbogbo kíláàsì ń sọ kò ní pẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé omi ìdọ̀tí yẹn lo tún fẹ́ máa gbé kiri?" Inúmidùn yínmú. "Ilé yín nìkan ni mo ti rí i tí wọ́n ń tọ́jú omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ. Nílé tiwa, gọ́tà ni."

Ojú ti Fẹ́yìsayọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ẹ sì mọ̀ pé nǹkan tí kò tó nǹkan ni í máa ti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú.

Ká má purọ́, ilé Ìyá Àgbà ní ètò tirẹ̀. Ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba nìyẹn. Ọṣẹ wọ́n, iyọ̀ wọ́n, àwọn èèyàn ń tò bí ọmọ iléèwé ní Orè nítorí páálí ọṣẹ kan. Wọ́n ti dá bàbá Fẹ́yìsayọ̀ dúró níbi tó ti ń la pákó, òun àti ìyá Fẹ́yìsayọ̀ sì ti kó lọ sóko kòkó ní Àjùé, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà kó lè máa lọ síléèwé. Nínú ilé yìí, nǹkan kan kì í ṣègbé. Omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ẹ̀fọ́ ló ń mu ún. Èèpo iṣu, ewúrẹ́ ló ni ín. Èèpo ekùrọ́ ń lọ sínú ààrò. Èèpo kòkó tí àwọn ẹlòmíì ń fi sílẹ̀ kó máa jẹrà lóko, Ìyá Àgbà á sá a gbẹ, á sun ún, á fi eérú rẹ̀ se ọṣẹ dúdú. "Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, á sì tún gbé garawa. Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ọbẹ̀ ilé. Ọṣẹ yẹn ni wọ́n fi ń wẹ̀, tí wọ́n fi ń fọ aṣọ.

Ìkòkò méjì ló wà lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan gba omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ. Èkejì gba omi eérú, èyí tó ti ń kán tó, tó, tó láti inú ajere tí eérú kòkó kún inú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi eérú yìí ló ń mú kí àdín dì di ọṣẹ. Ó le gan-an. Bí ó bá kan ojú ọgbẹ́, onítọ̀hún á fò sókè. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà gbé ajere kúrò lórí ìkòkò náà, ó sì fi àwo bò ó. Irú àwo kan náà ló wà lórí èkejì.

Fẹ́yìsayọ̀ mọ ìkòkò méjèèjì dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú, ojú rẹ̀ kì í gbélé. Ó ṣí ìkòkò kan, ó gbé e, ó dà á káàkiri ìdí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ títí ó fi gbẹ. Ìgbà tó gbé ìkòkò kalẹ̀ ló rí i pé ìka òun ń yọ̀, ibi tí ọ̀bẹ ti gé e lánàá sì ń ta á bí ata. Omi eérú ló ti dà sídìí ẹ̀fọ́.

Kí ló yẹ kó ṣe? Ó yẹ kó ké sí Ìyá Àgbà, kí wọ́n jọ da omi púpọ̀ sí ilẹ̀ náà kíákíá. Kí ló wá ṣe? Ó fa omi nínú kànga, ó fi kún ìkòkò, ó bu eérú díẹ̀ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè jọ ti tẹ́lẹ̀, ó dá àwo padà, ó sì tẹ̀ lé Inúmidùn. Wọ́n ṣe eré náà tán, kò lè sọ ohun tó wò.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ewé ti wé, ìdí ti dúdú. Ìyá Àgbà dúró lórí ebè, ó ká ọwọ́ lérí.

"Jàmíátù," ló pè.

Jàmíátù ni obìnrin tó háyà yàrá kan nínú ilé náà. Ará Ọ̀fà ni, ó ní ọmọ ọwọ́ kan, aṣọ àwọn awakọ̀ gáréèjì Orè ló sì ń fọ̀ jẹun. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí àwọn awakọ̀ bá rí rà ló fi ń fọ̀ ọ́. Àìmọye ìgbà ni Ìyá Àgbà ti kìlọ̀ fún un pé kí omi ọṣẹ yẹn má dé ìdí ẹ̀fọ́ òun.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run búra, gọ́tà ni mò ń da tèmi sí," ni Jàmíátù wí.

"Ta wá ni? Ṣé Fẹ́yìsayọ̀ tó ń fomi sí i látijọ́ ni?" Ìyá Àgbà yíjú sí ọmọ náà. "Àbí ìwọ ni?"

"Rárá, mà."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Jàmíátù, wá ilé mìíràn. Mi ò fẹ́ bá ọ nínú ilé yìí tí Sátidé bá kọjá."

Ọ̀sẹ̀ náà le fún Fẹ́yìsayọ̀. Fùfú àti ata lásán ni wọ́n ń jẹ. Lójoojúmọ́ ni Jàmíátù ń pọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Orè láti wá yàrá, tó sì ń padà lọ́wọ́ òfo. Kò sí onílé tó fẹ́ alágbàfọ̀ tí yóò máa fa omi kànga rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí Fẹ́yìsayọ̀ bá gbọ́ ẹkún ọmọ yẹn, ńṣe ló máa ń di etí.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Ìyá Àgbà dáná ọṣẹ. Kẹ́ẹ̀gì àdín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àdín tí gbogbo ilé fi oṣù mẹ́ta pa ekùrọ́ rẹ̀, Jàmíátù náà bá wọn pa níbẹ̀. Ẹrù Jàmíátù ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Jàmíátù na aṣọ iléèwé Fẹ́yìsayọ̀ kan sí i.

"Mo rí i pé ó ti ya lábíyá. Òwú tí mo tú lára àpò ìyẹ̀fun ni mo fi rán an. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹ̀sín níléèwé." Ó gbé ọmọ sẹ́yìn dáadáa. "Kí o sì máa bojú tó ẹ̀fọ́ Màmá. Bóyá á tún hù."

Fẹ́yìsayọ̀ di aṣọ náà mú. Ó wo ibi tí wọ́n rán, abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, ó mọ́ rèterète. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Àgbà ti ń ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì.

"Ìyá Àgbà, ẹ má tíì da àdín yẹn." Ó ti wà lórí eékún. "Omi kànga lásán ló wà nínú ìkòkò. Èmi ni mo da omi eérú sídìí ẹ̀fọ́. Mo ṣì í gbé ni. Mo wá fi omi dípò rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀. Àǹtí Jàmíátù ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ìyá Àgbà ti ìka bọ ìkòkò, ó fi kan ahọ́n. Kò ta á rárá. Ó dé kẹ́ẹ̀gì padà, ó jókòó sórí àpótí.

"Ẹ̀fọ́ á tún hù," ló wí. "Eérú ò tán nílé ayé. Ṣùgbọ́n o ń wò mí tí mò ń lé abiyamọ jáde, o panu mọ́. Fẹ́yìsayọ̀, ohun tí o dà nù kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé yìí. Ohun tí o fi dípò rẹ̀ ni."

Ó dìde, ó lọ bá Jàmíátù. "Jàmíátù, mo ṣẹ̀ ọ́. Àgbà tó dájọ́ láìwádìí ni mo jẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Màmá, ó ti tán," ni Jàmíátù wí, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. Ó wá wo Fẹ́yìsayọ̀. "Àmọ́ ẹrù tí mo fi gbogbo àná dì yìí, èmi kọ́ ni n óò tú u."

Fẹ́yìsayọ̀ tú u, láti orí ẹní dé orí ife. Kò tán síbẹ̀. Odidi oṣù kan ni kò fi dé ibi tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo Sátidé ló ń lọ sí Àjùé, ó ń ru èèpo kòkó wálé, ó ń sá a, ó ń sun ún. Jàmíátù sì ń da gbogbo omi tó fi ń ṣan aṣọ kẹ́yìn, èyí tí ọṣẹ ti tán nínú rẹ̀, sórí ebè títí ilẹ̀ fi rọ̀. Wọ́n tún ẹ̀fọ́ gbìn. Ó hù. Nígbà tí ọṣẹ náà jinná, ó dì, ó dúdú, Ìyá Àgbà sì gé èyí tó tóbi jù fún Jàmíátù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Inúmidùn yọ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ti Èkó dé láìrí ọṣẹ rà. "Ìyá mi ní kí n bẹ̀ yín fún ọṣẹ dúdú díẹ̀," ló wí, kò lè gbójú sókè. Fẹ́yìsayọ̀ kò fi í ṣẹ̀sín. Ó gé e fún un, ó sì sọ fún un pé kí wọ́n má da omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ kẹ́yìn sí gọ́tà mọ́.

Inúmidùn fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó sì gbá ìkòkò kan mú. "Ṣé èyí ni ti ẹ̀fọ́?"

"Dúró ná." Fẹ́yìsayọ̀ ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n. "Òun ni. Máa dà á."

Ohun tí Fẹ́yìsayọ̀ fi ẹ̀fọ́ ebè kan kọ́ kò ju méjì lọ: ohun tí à ń pè ní ìdọ̀tí nílé, oúnjẹ ẹlòmíì ni bí a bá mọ ibi tó yẹ kó lọ, bí a bá sì ti ṣì í dà, ká yára sọ, kí omi tútù lè tètè débẹ̀.