Ohùn Tó Gba Ẹnu Àlájà Ràhámátù

Àlájà Ràhámátù ti lajú, ojú rẹ̀ sì dá ṣáká, ṣùgbọ́n mo pè é títí, kò dáhùn.

Iṣẹ́ mi ni láti fún aláìsàn ní oògùn oorun, kí n sì mọ ìgbà tó yẹ kí n jí i. Kókó kan ló hù sínú ọpọlọ Àlájà, lẹ́bàá ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ ti ń wá. Nígbà tí Dókítà la agbárí rẹ̀ tán, mo dín oògùn kù kí ó lè jí, kí ó máa bá mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gé kókó náà. Abẹ́rẹ́ tí mo gún sí awọ orí rẹ̀ kò jẹ́ kó mọ ìrora. Ibi tí Dókítà bá fọwọ́ kàn tí ọ̀rọ̀ bá dá, kò gbọdọ̀ gé ibẹ̀. Èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá nínú yàrá náà, torí ọmọ Pobè, ìlú Yorùbá kan, ni mí. Faransé àti Fọ̀n ni àwọn yòókù ń sọ.

Dókítà ní àbí òun ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́ ni. Ìgbà náà ni mo rántí pé ẹ̀yìn aṣọ tí a ta bò ó ni mo ti ń pè é. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí? Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti orí bọ abẹ́ aṣọ náà, mo fi ojú hàn án.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Mi ò mọ̀ pé èèyàn ni."

Ara tù mí. Mo ń fi àwòrán hàn án: ẹja, kọ́kọ́rọ́, agboòrùn. Ó ń pè wọ́n bó ṣe tọ́. Ó ní aṣọ ni òun ń tà lọ́jà Missèbo, pé bí òun bá pàdánù ẹnu, ọjà òun tú nìyẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí kókó náà jáde tán, ó tún dákẹ́. Dókítà kò sì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá, ohùn jáde, kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn ìyá arúgbó kan ni, ó ń fà bíi ti àwọn ará ìlú mi.

"Àṣàbí."

Ara mi bù máṣọ. Madamu Felisitẹ́ ni wọ́n ń pè mí nílé ìwòsàn, òun náà ni wọ́n ń pè mí ní Calavi, níbi tí mo ti ń dá gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Màámi nìkan ló ń pe oríkì mi, Pobè ló sì wà.

Omi bọ́ lójú Àlájà. Ó fi tipátipá fa ọ̀rọ̀ jáde. "Àǹtí, ẹnìkan ló jókòó sí mi lẹ́nu. Ó ní òun ò ní dìde àfi tí Àṣàbí bá dáhùn."

Dókítà bi mí bóyá kí òun fi ìyókù sílẹ̀. Bó bá sì fi í sílẹ̀, kókó náà yóò tún hù. Mo mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n àánú obìnrin náà ṣe mí.

"Màámi," mo ní, "èmi nìyí."

Ọ̀rọ̀ dà jáde lẹ́nu Àlájà bí omi ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dókítà gé ìyókù, inú gbogbo wọn dùn. Mo fún un ní oògùn oorun padà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù, pé Màámi ti kú. Bí mo ṣe wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mo pè é lórí fóònù kí n tó bọ́ bàtà. Ó gbé e, ohùn rẹ̀ le koko, mo sì bú sẹ́kún. Mo bi í bóyá ó pè mí lọ́sàn-án. Ó ní rárá, àlejò ni òun ní.

"Obìnrin kan ló wá jókòó tì mí," ni Màámi wí. "Ó bi mí pé kí ni mò ń pè ọ́ nílé, mo sì sọ fún un. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wò ọ́ bí o ṣe ń dá jẹun. Ó ní tí o bá ti lè dá òun lóhùn, òun á wá máa bá ọ gbé. Ṣé ó ti dé?"

Kí n tó fèsì, ẹnìkan kí mi káàbọ̀ láti inú yàrá.