Ìlà Kan Ṣoṣo

Ẹsẹ̀ kan bàtà ni ọkùnrin náà wọ̀ wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí Ṣókí kọ́kọ́ rí i. Èkejì ti já lórí àtẹ̀gùn, ó gbé e lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun. Ó kí gbogbo ènìyàn tán, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe já. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti sọ ọ́ ní Aláàlàyé.

Ṣókí ní tirẹ̀ kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Òun ló ń yẹ àtúnṣe wò kí wọ́n tó fi í sínú ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọsibítù fi ń ṣọ́ mímí aláìsàn. Ímeèlì ni àtúnṣe máa ń bá wá, àlàyé ohun tí wọ́n yí padà á wà lókè rẹ̀. Ti Aláàlàyé kì í tán bọ̀rọ̀.

“Ṣé lẹ́tà ìfẹ́ lò ń kọ sí mi ni?”

“Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́, olólùfẹ́ mi?”

Bí eré bí eré, ó di òótọ́. Aláàlàyé mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ọsibítù tó ń lo ètò wọn. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ìyàwó mi, gbà mí lọ́wọ́ ẹnu ọmọ yìí.”

Kò pẹ́ ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àlàyé inú ímeèlì ti pọ̀ jù. Tayọ̀tayọ̀ ni Ṣókí fi tún ètò ímeèlì náà tò pé ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni kó máa hàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àtúnṣe Aláàlàyé wọlé: “Àtúnṣe díẹ̀ sí aago ìkìlọ̀.” Ṣókí ní ó di ọjọ́ Ajé. Ìlà kejì, tí kò rí, ní aago náà lè má dún bí mímí bá ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi í sí i lónìí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá Aláàlàyé dákẹ́. Aago ò dún. Ìgbà náà ni Ṣókí tó ṣí ìlà kejì kà.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹkún. Bí Ṣókí bá sọ ọ́, ọkọ lọ nìyẹn. Bí kò bá sì sọ ọ́, irọ́ ni yóò máa bá sùn títí ayé. Ojoojúmọ́ ni Aláàlàyé ń wá jókòó tì í nílé, kò dárúkọ ìgbéyàwó tí wọ́n ti jọ ń gbèrò. Oṣù méjì kọjá kí Ṣókí tó kúnlẹ̀.

“Èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ rẹ kù sí ìlà kan. Èmi náà ni mo ní ó di ọjọ́ Ajé.”

“Mo mọ̀. Orúkọ rẹ wà lára ìyípadà yẹn. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti rí i. Ẹnu rẹ ni mò ń dúró dè.”

“Kí lo wá ń bọ̀ wá ṣe lójoojúmọ́?”

“Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ. Méjèèjì ni mò ń gbé bọ̀.”

Ó fà á dìde. Wọ́n jọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, Ṣókí sì tún ètò ímeèlì náà tò kí gbogbo àlàyé máa hàn pátá. Ó ku kó kọ ìdí rẹ̀. Òun tí kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó: ọjọ́ Ẹtì, ìlà kejì, orúkọ ara rẹ̀. Ó parí rẹ̀ pé: “Ìyá òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan kú.”

Aláàlàyé na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó pa “òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan” rẹ́, ó tẹ “ọkọ mi” sí i.

“Fi ránṣẹ́,” ló wí.