Ọ̀nà Àyípo Abúlé-Ọjà

"Àǹtí Lateefat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí!"

Lateefat ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Òun àti Ọmọ́ṣaléwá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rìn lọ lábẹ́ igi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àṣàbí ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ọjọ́ Sátidé ni. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, tíṣà bàọ́lọ́jì ilé ìwé wọn ní Yábàá, ló kó wọn wá sí Abúlé-Ọjà kí wọ́n lè fojú ara wọn rí oríṣiríṣi ewé. Ọ̀nà tí wọ́n ń rìn kò le rárá. Ẹ̀yìn ilé tó kẹ́yìn lábúlé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wọnú igbó, ó yí po létí àbàtà, ó sì tún já padà sí abúlé kan náà. Àwọn arúgbó ibẹ̀ ń rìn ín láàárọ̀ láìmú ọ̀pá dání. Tíṣà ti wà níwájú pẹ̀lú àwọn tó kù. Ó ní kí kálukú rìn bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, pé kò sẹ́ni tó lè sọnù lójú ọ̀nà tó yí po.

Ọmọ àbúrò bàbá Lateefat ni Àṣàbí. Ìyá rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, wọ́n sì mú un wá sọ́dọ̀ àwọn Lateefat ní Sùúrùlérè kó lè máa lọ sílé ìwé. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ìyá Lateefat ti kìlọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde: "Má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o. Ojú rẹ nìkan ló ń wò nílùú Èkó yìí."

"Ta ló ní kó o gbé ìgbín tẹ̀ lé wa?" Ọmọ́ṣaléwá bú sẹ́rìn-ín. "Wò ó, ilé kan wà lábúlé tí wọ́n ti ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun, mínírà tútù sì wà ńbẹ̀. Mo mọ ọ̀nà àbùjá kan níwájú. Ká yáa lọ jókòó síbẹ̀. Tí tíṣà bá dé, a ó ní àwa la kọ́kọ́ rìn ín tán."

"Àṣàbí ńkọ́?"

"Wá nǹkan sọ fún un."

Lateefat wo ẹ̀yìn. Àṣàbí ti ń lé wọn bá, òógùn bò ó lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí ó rò pé wọ́n dúró dè é. Igi àràbà ńlá kan wà níbẹ̀, ó yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀.

"Jókòó sídìí igi yẹn, kó o sinmi ẹsẹ̀ rẹ," Lateefat wí. "A ó yí igbó yìí po, a ó sì tún já síbí wá mú ẹ. Má kúrò níbẹ̀ o, àfi tá a bá dé."

"Ó dáa, Àǹtí. Ẹ ṣeun."

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yẹn gún Lateefat láyà. Síbẹ̀, ó lọ.

Orin dùn, mínírà sì tutù, ṣùgbọ́n Lateefat ò gbádùn èyíkéyìí. Ó ní tí wọ́n bá lu rẹ́kọ́ọ̀dù yìí tán, òun á padà lọ mú Àṣàbí. Wọ́n lù ú tán, wọ́n fi òmíràn sí i. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ariwo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti jáde nínú igbó. Òjò ti ṣú. Tíṣà ń kánjú kó wọn sínú bọ́ọ̀sì.

"Lateefat, àbúrò rẹ dà?"

Ọmọ́ṣaléwá ló yára dáhùn. "Inú ló ń run ún, sà. Ó ti lọ sílé."

Tíṣà yíjú sí Lateefat. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Tó bá sọ òótọ́, gbogbo wọn á mọ̀ pé kò rin ọ̀nà náà, wọ́n á sì mọ ohun tó ṣe. Ojú tì í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọn ò tíì dé Òjúẹlẹ́gba tí òjò fi dé. Bó ṣe ń dà lu òrùlé bọ́ọ̀sì, ńṣe ló ń dà bíi pé orí Lateefat gan-an ló ń dà lé. Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ tí òjò ti pa.

"Àṣàbí dà?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, Màámi."

Ìyá rẹ̀ gbé abọ́ oúnjẹ méjì kalẹ̀, ó fi ọmọrí dé ọ̀kan. Lateefat wo abọ́ tí wọ́n dé yẹn. Ó bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò sì bú u. Ó kàn fa gèlè mọ́ orí, ó sì bọ́ sínú òjò. Lateefat sáré tẹ̀ lé e.

Ní Abúlé-Ọjà, bàbá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé tan láńtánì, ó ṣíwájú wọn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Omi àbàtà ti gorí ọ̀nà. Lateefat ń pe orúkọ Àṣàbí títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ìdí àràbà ni wọ́n ti bá a. Ó ká jọ bí ọmọ ẹyẹ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Àǹtí, ẹ ti dé," ó wí. "Mo rò pé nǹkan ti ṣe yín lọ́nà ni. Mi ò kúrò, bẹ́ ẹ ṣe wí."

Òtútù àyà mú Àṣàbí, ó sì pẹ́ lórí ibùsùn ọsibítù. Nílé ìwé, ọ̀gá àgbà fòpin sí ìrìn inú igbó, ó sì gbé ẹ̀bi ka Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran lórí. Lateefat lọ sí ọ́fíìsì, ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n jẹ òun àti Ọmọ́ṣaléwá níyà, ṣùgbọ́n wọn ò dá ìrìn náà padà. Tíṣà kò pariwo mọ́ ọn. "Mo bi ọ́, o sì dá mi lóhùn," ló wí, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara Àṣàbí yá, bàbá rẹ̀ wá mú un padà sílé. Ní gáréèjì Ìdó, níbi tí wọ́n ti ń dúró kí mọ́tò kún, Lateefat fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn àgbà ò tíì sọ fún un.

"Nǹkan kan ò ṣe wá lọ́nà, Àṣàbí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ́ sílẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Àṣàbí wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sì béèrè jẹ́jẹ́: "Ká ní mo lè yára rìn, Àǹtí, ṣé ẹ̀ bá fi mí sílẹ̀?"

Wọ́n pe èrò Ògbómọ̀ṣọ́, Àṣàbí sì gun mọ́tò.

Ó di àkókò yẹn kí Lateefat tó mọ̀ pé ẹni tó bá fọkàn tán wa kì í ṣe ẹrù tá a lè sọ̀ kalẹ̀ nítorí kí ọ̀rẹ́ má baà fi wá ṣẹ̀sín. Ó dára láti jẹ́wọ́, àní bó ti wù kó pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ sọ òótọ́ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi yín, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni òótọ́ Lateefat ì bá ti ran Àṣàbí lọ́wọ́ kí òjò tó dé.