Ìdánwò Ọjọ́ Orò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Orò ọdún 2004, àwọn obìnrin Ìkòròdú ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Kò sí ẹlẹ́ja kankan létí omi ní Èbúté. Ọjọ́ náà gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú náà fi ìdánwò àṣewọlé sí, nítorí àwọn tó mú ọjọ́ kì í ṣe ọmọ ìlú.

Tàjùdéèn, ọlọ́kadà tó ti Ìkìrun wá, gbé Mùnírátù ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Híjáàbù funfun tí ọmọ náà lọ̀ lálẹ́ àná ló wà lórí rẹ̀.

Ìyá onílé pariwo láti inú yàrá: "Bàbá Mùnírátù, ẹ dá ọmọ yẹn padà! Orò wà níta!"

"Ẹ ṣeun, Màmá. Òru ni Orò ń jáde. Ilẹ̀ ti mọ́."

"Ìkìrun nìyẹn! Ọ̀sán ni tibí o!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa dẹ́rù bani." Ó tẹ ọ̀kadà náà, ó wà á lọ.

Ní ibùdókọ̀ Benson, àwọn ọ̀dọ́kùnrin dí ọ̀nà. "Obìnrin ló gbé!" Igi àkọ́kọ́ ba Tàjùdéèn ní àyà, ọ̀kadà wó lé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n lù ú títí eyín fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò ló ń lọ ṣe!" ni Tàjùdéèn kígbe.

"Kó lọ ṣe é lọ́run!" Ọ̀kan nínú wọn gbé igi sókè sí orí Tàjùdéèn. Mùnírátù fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ bí egungun ọwọ́ náà ṣe dá.

Àgbà awo kan, Bàbá Ògúnsànyà, sáré dé. "Ta ló ní kí ẹ pànìyàn? Ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù!"

Ẹjọ́ àwọn tó lù wọ́n wà lọ́tọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ni Fọlákẹ́, lóyà Mùnírátù, pè lẹ́jọ́ nítorí ọjọ́ tí wọ́n fi ìdánwò sí.

"Olúwa mi, a kò ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin kankan," ni lóyà ilé ẹ̀kọ́ wí. "Ẹni tó bá fẹ́ wá ìbá wá."

Fọlákẹ́ gbé ọwọ́ Mùnírátù sókè. Àwọn ìka rẹ̀ ti ká, wọn kò ṣeé nà mọ́.

"Ó wá, Olúwa mi. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀."

Adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n tún ìdánwò ṣe fún gbogbo obìnrin tí kò lè jáde lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má sì fi sí ọjọ́ Orò mọ́ láé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mùnírátù fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ìbéèrè kẹta péré ló wà nígbà tí àkókò tó, tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Lóde, Tàjùdéèn fara ti ọ̀pá tó fi ń rìn, ó ń bi àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde léèrè bóyá ọmọ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.