Agbègbè Tí Wọ́n Ti Fòfin De Ìkíni

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá fi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún jẹ alága, báàjì ni yóò kọ́kọ́ wá kiri. Ìfura yín kò tàsé. Báàjì Boaz fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà àdúgbò wa ní Kabba ló fà á. Ó ti sú wọn láti máa gbọ́ pé àwọn ni kò jẹ́ kí ọ̀dọ́ rí nǹkan ṣe. Ni wọ́n bá yọ̀ǹda àwọn ìsọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́bàá títì, wọ́n pè é ní Agbègbè Òwò Àkànṣe. Ọ̀dọ́ ni yóò máa ṣòfin ibẹ̀, àgbà kankan kò ní dá sí i. Bí wọ́n bá ta gààrí ọkọ̀ kan fún oníbàárà tó ń bọ̀ láti Abuja, ilẹ̀ di tiwọn. Bí wọn kò bá tà á, ó parí.

Boaz ti wo irú agbègbè bẹ́ẹ̀ tó wà lókè òkun lórí fóònù rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀," ló wí nípàdé. "Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àwa ńkọ́? Ìyá kan á gbé gààrí dé, á kí ọ, á kí bàbá rẹ, á kí ewúrẹ́ yín, ilẹ̀ á ti ṣú."

Testimony, akọ̀wé wọn, tí òun àti Boaz jọ wà ní kíláàsì kan náà, mí kanlẹ̀. "Okun la fi ń kí ara wa, òun náà ni wọ́n fi ń pe ẹ̀yà wa. Ṣé o fẹ́ fòfin de orúkọ rẹ ni?"

"Akọ̀wé, kọ̀wé."

Bí òfin kìíní ṣe dúró nìyẹn: ẹni tó bá kíni nínú agbègbè, kó padà sẹ́yìn ìlà. Òfin kejì ní kí wọ́n pa gbogbo fóònù títí iṣẹ́ á fi parí.

Ọjọ́ ọkọ̀ pé. Àpò gààrí tò gègèrè, Boaz sì ń yẹ̀ wọ́n wò bí ọ̀gá sójà. Obìnrin kan láti orí ìlà béèrè pé, "Alága, ṣé a lè sín níbí, àbí ẹ̀yìn ìlà náà ni?" Boaz kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Fẹ́yìsetán, ló dé lẹ́yìn náà, ó ń mí hẹlẹ.

"Okun o, Boaz. Okun iṣẹ́ o."

"Ìyá àgbà, ẹ padà sẹ́yìn ìlà."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kí mi."

Màmá padà lọ tò. Nígbà tó kàn án, ó tún ní, "Okun o, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi..."

"Ẹ̀yìn ìlà, Ìyá àgbà. Ẹ kàn sọ ọ̀rọ̀ yín láìkíni."

Màmá tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹran ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ láìkí i. Mo ti lọ."

"Jẹ́ kí n sáré tẹ̀ lé wọn," ni Testimony wí.

"Akọ̀wé kì í kúrò lórí àga rẹ̀."

Oòrùn wọ̀, ọkọ̀ kò dé. Boaz bú oníbàárà, ó bú ìjọba, ó bú ọ̀nà tí kò dára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Dáramọ́lá, olórí àwọn àgbà, wá gba kọ́kọ́rọ́ àwọn ìsọ̀ náà padà. Boaz dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí i, ó kí ilé, ó kí oko. Kò gbàgbé ẹnì kan.

"Bàbá, oníbàárà ló dà wá."

"Ẹ lè ṣe òfin tuntun, ọmọ mi," ni Bàbá dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí àṣà kan ń bá yín ṣe kí ẹ tó pa á tì. Ìkíni ni ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tì í, kó má bínú pé ìròyìn kò wọlé. Ìyá rẹ àgbà kò sọ fún ọ ni?"

Ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ sí Ekinrin-Adde, ìlú tí kò jìnnà sí wa, láàárọ̀ àná. Awakọ̀ pe Boaz títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ló bá pe Màmá Fẹ́yìsetán, ẹni tí òun máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí wọ́n yára kó gààrí náà wá bá òun. Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe tán tí kò sì rí ẹnikẹ́ni, gààrí Ekinrin-Adde ló kó lọ sí Abuja.