Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé Yìí?

Kẹrosíìnì wà lọ́wọ́ Bàdírátù lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Baṣọ̀run, ìṣáná ló ń wá. Ìwé ló fẹ́ dáná sun.

Nimotallahi, àkọ́bí rẹ̀, ti wọ yunifásítì, ó sì fi páálí ìwé girama méjì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Ṣemílóore, ọmọ ojúlé kejì, fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC lọ́dún yìí, kò sì ní ìwé Báyọ́lọ́jì kankan. Ó ti wá tọrọ ọ̀kan, Bàdírátù ò fún un.

Ẹ má pè é láhun o. Obìnrin tó máa ń bu ọbẹ̀ fún gbogbo ojúlé ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n ti sọ fún un lọ́jà Bódìjà pé ẹni tó bá gba ìwé tí ọmọ fi yege, ọpọlọ ọmọ náà ló gbà lọ. Orúkọ Nimota sì wà nínú ìwé wọ̀nyí gbàgàdà.

Alhaja Sìlífátù, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, yọjú láti ọgbà tiẹ̀. "Ìyá Nimota, kí lo fẹ́ sun?"

"Ìwé ni, mà. Mi ò fẹ́ kí ayé gba ọpọlọ ọmọ mi."

Alhaja rẹ́rìn-ín. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo pín fún wọn. Ṣé orí tèmi wá ṣófo ni?"

Bàdírátù ò fẹ́ já àgbà ní koro. "Kò burú, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fa ojú ewé tí orúkọ wà ya."

Ó mú ìwé Báyọ́lọ́jì, ó ṣí i, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ti Nimota wà nísàlẹ̀. Tòkè ni Jésùlọlá Adésànyà.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí Alhaja lè gbọ́. "Ta ló ni ìwé Báyọ́lọ́jì yìí?"

"Ti Àǹtí Jésùlọlá ni, Mọ́mì. Wọ́n fún mi nígbà tí mò ń múra WAEC. Òun ni mo fi yege."

Ta ni ò mọ Jésùlọlá? Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru Bàdírátù nílé ìwòsàn Ring Road ni, orí rẹ̀ sì pé ṣámúṣámú.

"O rí i?" ni Alhaja wí. "Ọmọ tìẹ ló jẹ àǹfààní ìwé rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe Jésùlọlá. Ìmọ̀ tí a bá pín, sàárà tí kì í tán ni."

Ojú ti Bàdírátù. Ó gbé kẹrosíìnì padà sílé ìdáná, ó sì fúnra rẹ̀ ru páálí méjèèjì dé ojúlé Ṣemílóore.

Nígbà tí èsì jáde, Ṣemílóore sáré wọlé tọ Bàdírátù, tòun ti fóònù àti ìwé Báyọ́lọ́jì lọ́wọ́. Gíréèdì A ló gbà nínú Báyọ́lọ́jì. Bàdírátù jó, ó gbé ọmọ ọlọ́mọ sókè bí ẹni pé òun ló bí i. Lẹ́yìn náà ló na bírò sí i.

"Kọ orúkọ rẹ sábẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Kí á wá jọ wá ẹni tó kàn."

Ẹ̀yin òbí, kò sẹ́ni tó lè ti inú ìwé gba ọpọlọ ọmọ yín. Ẹ má sun ìwé, ẹ má sì kó o fún alákàrà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó má ti ya, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣì ń lò nílé ìwé, nítorí àkísà kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ gbé e fún ọmọ aládùúgbò, ilé ìwé tó wà nítòsí, ilé ìkàwé, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bí ọmọ yín bá sì ń kọ orúkọ sínú ìwé tuntun, ẹ sọ fún un kó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀.